Ẹni Tó Ń Gbá Eruku Sàníù

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Mùjíbátù fi gbá eruku pákó. Òun fúnra rẹ̀ kò kà á rí, àfi lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì kan bi í léèrè, tó wá ń fi ọjọ́ orí àwọn ọmọ rẹ̀ wá ìdáhùn lórí ìka ọwọ́.

Ìlú Ìrókò, lápá Mọ́níyà, ni ilé wọn wà. Bí ènìyàn bá ń bọ̀ níbẹ̀, kò tíì ní í rí ilẹ̀kùn ilé tí yóò fi rí pákó. Sàníù ọkọ rẹ̀, káfíńtà ni. Ìgboro Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tó gba fíríìdọ́ọ̀mù, agbára rẹ̀ kò ká ṣọ́ọ̀bù ìgboro, ló bá padà sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó na páànù láti iwájú ilé dé etí ọ̀nà, ó ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀ láti gbé e dúró, ó sì gbé tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó sọ fún ìyàwó tuntun ni pé kí wọ́n ṣì máa lo ibẹ̀ títí òun yóò fi rí ibi gidi. Ibi gidi náà kò yọjú. Abẹ́ páànù yẹn ló ti ṣe gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó ṣe láyé. Ibẹ̀ ló ti ṣe bẹ́ẹ̀dì ìyàwó fún ọ̀pọ̀ ọmọge ìlú, tó ti ṣe mínbárì fún mọ́ṣáláṣí àdúgbò, tó sì ti ṣe bẹ́ǹṣì mẹ́rìnlá fún àwọn aláàdúrà tó wà ní òdìkejì ọ̀nà.

Láti ojú ọ̀nà ni atẹ́gùn ti máa ń fẹ́ wọ ibẹ̀. Gbogbo ohun tí ayùn bá tú jáde, inú ilé ló ń gbà lọ. A bà lórí kọ́tìnì, a bà lórí ìbùsùn, a bà sára ife tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Mùjíbátù kì í bu oúnjẹ láìkọ́kọ́ nu abọ́. Láfún tó bá sá sí ẹ̀yìnkùlé, bó bá bọ́ sí ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń la igi àpá, yóò ti pọ́n kó tó gbẹ. Nígbà tó yá, orí àpáta lóko ló ń ru ú lọ sá sí.

Kò mọ igi nínú igbó, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n nínú eruku. Ti arère funfun, ó sì fúyẹ́, èémí lásán ti tó láti gbé e. Ti àpá pọ́n. Ti igi ìrókò ló burú jù. Ó ń ta ni nímú bí ata gbígbẹ, ojú a sì máa yún ẹni di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń gbá a: lẹ́yìn àsùbáà kí oníbàárà tó dé, àti lẹ́yìn alásárì nígbà tí Sàníù bá sọ irinṣẹ́ sílẹ̀ tó gba mọ́ṣáláṣí lọ. Ìgbà tí ọkọ bá kúrò níbẹ̀ ni ìyàwó ń wọbẹ̀. Yóò tẹ̀ ba, yóò gbá a jọ, yóò bù ú sínú àpò, yóò fẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀ kí àpò lè gbà sí i. Àwọn tó ń sin adìyẹ ní abúlé ìtòsí ni yóò wá gbé àpò wọ̀nyẹn, wọn a lọ tẹ́ ẹ sábẹ́ adìyẹ. Kò sí ẹni tó ní kó máa ṣe é. Ọjọ́ kejì tó wọlé ọkọ ló mú ọwọ̀, ó gbálẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Láyé ayùn ọwọ́, ó ṣì ṣeé fara dà. Èérún ń já bọ́ sílẹ̀ bíi gààrì, ibi tó bá já sí náà ni yóò wà. Ọdún méje sẹ́yìn ni Sàníù ra ẹ̀rọ tí ń fi iná la pákó, kò sì pẹ́ tó fi ra èyí tí ń fá a. Iṣẹ́ yá. Ohun tó ń gba ọjọ́ mẹ́ta di ohun tí wọ́n ń ṣe láàárín àìlá sí alásárì. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ ń tú jáde ti kúrò ní èérún, lẹ́búlẹ́bú ni, ó sì ń rọ̀ sójú òfuurufú bíi kùrukùru àárọ̀. Mùjíbátù yóò gbálẹ̀ tán, yóò bojú wẹ̀yìn, yóò rí i pé ilẹ̀ tí òun gbá ti tún funfun.

Inú ọyẹ́ ni ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ lọ, ikọ́ dúró. Ó jẹ orógbó, ó lá oyin, ó mu àgbo oríṣi méjì. Lẹ́yìn náà ni èémí bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Yóò gbálẹ̀ dé ìdajì, yóò wá jókòó sórí òkìtì pákó, ọwọ̀ á wà lórí itan rẹ̀.

"Ṣé kò sí nǹkan?" Sàníù á bi í.

"Ó rẹ̀ mí ni."

"Ó ń rẹ gbogbo wa, Ìyá Kifayah."

Kì í ṣe pé ọkùnrin náà ń fojú di í. Ó ń rẹ òun náà lóòótọ́. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ẹ̀yìn ń dùn ún, iná tí wọ́n ń mú wá kò tó wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti di ohun tí ènìyàn ń rò lẹ́ẹ̀mejì kó tó rà. Lójú tirẹ̀, ọjọ́ orí ló ń bá ìyàwó rẹ̀ jà gẹ́gẹ́ bó ṣe ń bá òun náà jà.

Kifayah ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Òun ni àkọ́bí wọn, olùkọ́ ni, Adegbayi ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó wálé fún Iléyá ọdún tó kọjá, yàrá kan náà ló sì bá ìyá rẹ̀ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò tilẹ̀ béèrè ẹran. Ohun tó kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde ni, "Màámi, báwo lẹ ṣe ń wúkọ́ báyìí látọjọ́ yìí tí ẹ kò sọ fún mi?" Nígbà tí ọdún kọjá lọ́jọ́ kẹta, ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kì í ṣe ikọ́ fée. Wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì kan, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, pè é jókòó, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé.

"Màmá, irú iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Mo ń gbin gbáàgúdá díẹ̀."

"Ṣé igi lẹ fi ń dáná?"

"Ọmọ mi yìí ti ra gáàsì fún mi láti ọjọ́ pípẹ́."

"Ṣé ẹnì kan ń mu sìgá nínú ilé yín?"

"Rárá o. Ọkọ mi, káfíńtà ni, kò mu nǹkan kan."

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè. "Níbo ni wọ́n ti ń ṣe káfíńtà náà?"

"Iwájú ilé wa."

"Ta ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀?"

Mùjíbátù wo ọmọ rẹ̀, bí ẹni pé ọmọ náà ni yóò dáhùn. "Èmi ni," ló sọ.

"Láti ìgbà wo?"

Ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún lórí ìka. Nígbà tó kà á dé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀.

Dókítà ló ṣàlàyé fún wọn. Ó ní eruku tó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ ti ṣe ohun tó ṣe, kò sí oògùn tí yóò gbá a jáde. Ó fún un ní oògùn kan tí wọ́n ń fi ẹnu fà, tí yóò máa la ọ̀nà èémí díẹ̀díẹ̀. Ó ní ohun tó kù ni kí òmíràn má wọlé mọ́. "Ẹ má gbálẹ̀ ibẹ̀ mọ́, Màmá. Ibi tí eruku wà, ẹ máa sá fún un."

Mùjíbátù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ó ní kí Kifayah jẹ́ kí àwọn jókòó díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ìta kí àwọn tó wá mọ́tò. Wọ́n jókòó pẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó délé kò rọrùn. Kifayah dúró sáàárín pákó, ó ní, "Bàámi, ẹ kó ṣọ́ọ̀bù yìí kúrò níwájú ilé."

Sàníù kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. Ó jókòó sórí àga kan tí kò tíì parí, ó fọwọ́ nu ojú. "Kí n kó o lọ sí ibo, Kifayah? Ẹni tó ń wá ibi tuntun, ọmọ ọdún mélòó ni? Èmi tí mò ń la igi gan-an, ṣé mò ń wúkọ́?"

"Ẹ̀yin kì í sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbá a. Ìgbà tí wọ́n bá ń gbá a ni eruku ń dìde."

Sàníù yíjú kúrò lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

Kifayah padà sí Adegbayi. Wọ́n gbà pé Mùjíbátù kò ní í gbálẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ ẹni tí yóò gbá a. Ọjọ́ kìíní lọ, ọjọ́ kejì lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, eruku ti bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, oníbàárà kan tó wá wo ilẹ̀kùn rẹ̀ fi aṣọ bo imú, kò jókòó. Lọ́jọ́ karùn-ún, lẹ́yìn alásárì, Mùjíbátù so gèlè mọ́ imú, ó wọ́n omi sílẹ̀, ó sì mú ọwọ̀. Sàníù ti mọ́ṣáláṣí dé, ó bá a níbẹ̀. Ó dúró, ó wá kọjá lọ sínú ilé. Alẹ́ ọjọ́ náà, ikọ́ kò jẹ́ kí ọ̀kankan nínú wọn sùn.

Ibi tí wọ́n ti ń lọ láfún ni ọ̀nà ti là, kò sì sí ẹni tó ń wá ọ̀nà níbẹ̀. Mùjíbátù gbé láfún rẹ̀ lọ síbi ẹ̀rọ lọ́jọ́ ọjà kan, èrò pọ̀, ó jókòó sórí ìyókù búlọ́ọ̀kù kan, ó ń dúró kó kàn án. Ó ti ń wá síbẹ̀ láti ìgbà ọmọge. Lọ́jọ́ náà, bóyá nítorí pé àyà ń dùn ún tó sì ń ṣọ́ imú rẹ̀, ó ṣàkíyèsí pé òun kò wúkọ́. Ó wo ẹ̀rọ náà. Ìyẹ̀fun ń jáde lára ọlọ, ṣùgbọ́n kò fò kiri. Abẹ̀bẹ̀ irin kan nínú àpótí roboto ń gbá a gba inú páìpù lọ sókè, sínú ohun kan tó dà bí àrọ ìrọ-epo ńlá tí wọ́n fi páànù ṣe. Ìyẹ̀fun ń yí nínú rẹ̀, ó ń já bọ́ sínú àpò nísàlẹ̀. Atẹ́gùn ń gba òkè jáde, sínú aṣọ gígùn kan tó wú bíi ṣòkòtò ẹni tó ń sáré lójú ìjì.

"Ọ̀gá," ó bi ẹni tó ń lọ ọ́, "aṣọ yìí, kí ló wà fún?"

"Ó ń sẹ́ atẹ́gùn ni, Màmá. Bí kò bá sí i, gbogbo láfún yín ni yóò bá a lọ."

Nígbà tó délé, ó sọ fún Sàníù. Ọkùnrin náà ń pọ́n ayùn, kò gbójú sókè.

"Láfún yàtọ̀ sí pákó," ó ní.

"Eruku kì í ṣe eruku ni?"

"Mo gbọ́."

Sàníù ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ fún bí ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó jáde láàárọ̀, kò sì padà títí di ọ̀sán. Nígbà tó dé, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun fún ìyẹ̀fun, dàńṣíkí ọrùn rẹ̀ náà funfun. Ibi ẹ̀rọ ló ti lọ dúró, ó ti fi okùn wọn páìpù wọn, ó sì ti bi ọkùnrin ibẹ̀ ní ìbéèrè títí tí wọ́n fi ní kó jọ̀wọ́ yàgò fún èrò. Mùjíbátù rí i, ẹ̀rín pa á. Ẹ̀rín náà di ikọ́. Ó dúró títí ikọ́ fi lọ sílẹ̀, ó wá lọ bu omi fún un kó fi bọ́jú.

Jìmí ni wẹ́dà tí wọ́n lọ bá. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ọ̀nà Mọ́níyà ló ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ lágbègbè náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń kú sí. Ó ní abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ ìlọlùbọ́ kan nílẹ̀, pẹ̀lú ẹ́ńjìnì kékeré tó ń mu epo. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, ó ní kò le.

"Ọ̀gá Káfíńtà, kí ni mo mọ̀ bí kì í ṣe èyí? Ọjọ́ mẹ́ta."

Ó gba oṣù mẹ́ta.

Jìmí kò ṣe é bí tibi ẹ̀rọ láfún. Ó ní òun ti rí ọgbọ́n tó dára jù lọ lórí fóònù. Àgbá aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń pọn omi sí ló lò. Ó fi abẹ̀bẹ̀ sí orí rẹ̀ kó máa fa atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, ó sì fi páìpù omi so ó mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n tan án, Sàníù tẹ pákó kan mọ́ ayùn, eruku bẹ̀rẹ̀ sí í bá páìpù lọ. Inú gbogbo wọn dùn. Kò pẹ́ ni àgbá náà dún gbàù, ó fún wọnú bí ike omi tí mọ́tò tẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ fa atẹ́gùn inú rẹ̀ débi pé ara ike kò gbà á mọ́.

Jìmí ń bẹ̀bẹ̀. Sàníù lọ pa ẹ́ńjìnì. "Lọ sinmi," ó sọ fún un, "èmi náà fẹ́ lọ sinmi." Ó wọlé, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, kò dìde títí di mọ̀ngàríbì.

Mùjíbátù ló lọ bá Jìmí lọ́sẹ̀ kejì. Ó rìn díẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó fa oògùn rẹ̀, ó tún rìn. Nígbà tó débẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, Jìmí sì gbé àga fún un kíá.

"Jìmí ọmọ mi, n kò mọ ìwé. Ṣùgbọ́n níbi ẹ̀rọ láfún, abẹ̀bẹ̀ ló ṣíwájú, ohun tó dà bí àrọ ló tẹ̀ lé e. Ó ń tì í lọ ni, kò fà á. Ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é."

"Màmá, èérún pákó yóò máa ba abẹ̀bẹ̀ jẹ́."

"Kó máa bà á jẹ́. Irin ni. A ó tún un ṣe."

Jìmí wò ó níbi tó ti ń mí. Ó ní òun yóò ṣe é.

Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó ká páànù di àrọ ńlá, ó fi àgbá irin sábẹ́ rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ṣíwájú. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ẹnu ìsopọ̀ ló ń tu eruku jáde, eruku wá kún ẹ̀yìnkùlé dípò iwájú ilé. Sàníù la rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, ó fi dì í níkọ̀ọ̀kan. Páìpù omi tún kéré jù, èérún dí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọjọ́ kan. Wọ́n wá èyí tó fẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń gba omi òjò láti orí òrùlé. Ìsọ igi kan ré bọ́ sínú abẹ̀bẹ̀, ó gé apá rẹ̀ kan, ẹ́ńjìnì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Jìmí fi wáyà alásẹ́ dí ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá tún ìkan ṣe, òmíràn a yọjú, àárín ọ̀kan sí èkejì a tó ọ̀sẹ̀ kan, nígbà míràn méjì. Nígbà náà, wọ́n á máa ṣiṣẹ́ nínú eruku bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Aṣọ ni ti Mùjíbátù. Ó kọ́kọ́ fi ògbólógbòó ìró rán an. Nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ, eruku kíkúnná là á kọjá bí èéfín, gbogbo aṣọ tí obìnrin aláàdúrà tó jẹ́ aládùúgbò wọn sá sórí okùn di pupa. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Praise. Aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀. Mùjíbátù lọ fi orúnkún kan ilẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó sì ní òun yóò tún un fọ̀.

"Ẹ dìde, Ìyá Kifayah," obìnrin náà ní. "Pẹ̀lú ikọ́ yìí, aṣọ wo lẹ fẹ́ fọ̀? Kí Olúwa ṣáà jẹ́ kí nǹkan tí ẹ̀ ń ṣe yìí yọrí sí rere." Ó fúnra rẹ̀ ló mú kákí wá lọ́jọ́ kejì, èyí tó ṣẹ́kù lára yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ rẹ̀. Ó nípọn, ó dì. Mùjíbátù rán an ní ìlọ́po méjì, ó gba ọ̀sẹ̀ kan nítorí kò lè tẹ̀ ba pẹ́ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Sàníù náà ṣe tirẹ̀. Ó kan àpótí onípákó kan sábẹ́ ẹ̀rọ ìlapákó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dà gẹ̀rẹ́ lọ sí ẹnu páìpù, kí ohunkóhun tó bá já bọ́ má ríbi dúró sí. Kò sí oníbàárà tí yóò rí àpótí náà láéláé, síbẹ̀ ó fá a dán, ó kan igun rẹ̀ bíi ti àpótí aṣọ ìyàwó. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é.

Oṣù kẹwàá ti ń parí lọ kí wọ́n tó tan án tó tọ́. Sàníù la pákó ìrókò kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ́ńjìnì ń pariwo lẹ́yìn ilé, aṣọ kákí wú, ó dúró. Nígbà tó pa ẹ̀rọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra orí tábìlì. Eruku wà níbẹ̀, kì í ṣe pé kò sí. Ṣùgbọ́n kò tó ìdá kan nínú márùn-ún èyí tó máa ń wà. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Jìmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Sàníù ní, "Alhamdulillahi."

Fífi sáńpépà mú pákó dán ni ẹ̀rọ kò lè ràn lọ́wọ́. Sáńpépà, ọwọ́ ni wọ́n ń fi fà á, eruku rẹ̀ ló sì kúnná jù. Sàníù gbé iṣẹ́ yẹn kúrò níwájú ilé, ó ń lọ ṣe é lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ìta, níbi tí atẹ́gùn ti ń gbé e lọ sínú oko. Bí òjò bá rọ̀, kò ní í ṣe é. Àwọn oníbàárà kan ń kùn pé iṣẹ́ àwọn pẹ́. Méjì gba ibòmíràn lọ.

Eruku tó ṣẹ́kù nílẹ̀ ńkọ́? Ní ọjọ́ kejì tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, Mùjíbátù jáde lẹ́yìn alásárì, ó fẹ́ mú ọwọ̀. Ọwọ̀ kò sí níbi tó máa ń wà. Sàníù ló mú un. Ó ti wọ́n omi sílẹ̀, ó ti so aṣọ mọ́ imú, ó tẹ̀ ba, ó ń gbá a bí ẹni tí kò gbálẹ̀ rí, ó ń ti èérún sí ọ̀tún, ó ń ti í sí òsì. Mùjíbátù dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ máa gbá a láti ògiri wá síta," ó sọ.

Ó gbá a láti ògiri wá síta. Nígbà tó dé ìdajì, ó nà ró, ó di ìbàdí mú. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

"Mùjíbá," ó pè é. Kò tíì pè é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bímọ. "Ṣé bó ṣe ń rẹni rèé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lójoojúmọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́."

Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ̀ náà lọ́wọ́. Kò tọrọ àforíjì, Mùjíbátù náà kò sì retí rẹ̀. Wọn kì í ṣe irú tọkọtaya tí ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbá èyí tó kù. Ó kó o dà. Lọ́jọ́ kejì, ó tún gbá a, bẹ́ẹ̀ náà ni títí di òní, àfi ọjọ́ tí ẹ̀yìn bá mú un, tí wọn a fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Nígbà tí wọ́n padà lọ rí nọ́ọ̀sì lóṣù Ṣẹ́rẹ́, ó ní kí Mùjíbátù fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù kékeré kan tó ń wọn agbára èémí. Ó ní kó tún fẹ́ ẹ. Ó wo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, ó wo ti tẹ́lẹ̀ nínú ìwé.

"Ṣé ó ti san?" Kifayah bi í. Òun náà ti lóyún, ikùn rẹ̀ sì ti tóbi nígbà yẹn.

"Kò burú sí i," nọ́ọ̀sì dáhùn. "Èyí tó ti lọ, kò ní í padà, mi ò ní í purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kò burú sí i, Màmá. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀."

Ní ọ̀nà ilé, Mùjíbátù ń tún gbólóhùn náà sọ nínú ọkàn rẹ̀. Kò burú sí i. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó dùn mọ́ òun. Kò rí ìdùnnú kan gbòógì. Ohun tó rí ni pé èjìká òun, tí òun ti gbé sókè láti oṣù bíi mélòó kan, ti sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kifayah bímọ lóṣù tó tẹ̀ lé e, obìnrin ni. Mùjíbátù di ẹrù, yóò lọ tọ́jú rẹ̀ fún ogójì ọjọ́. Sàníù gbé báàgì rẹ̀ dé ìdí mọ́tò.

"Àgbá yẹn," Mùjíbátù sọ, "ẹ má jẹ́ kó kún kí ẹ tó dà á. Bó bá kún, aṣọ ni yóò máa gba eruku."

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì gbọn aṣọ náà lọ́jọ́ Jímọ̀."

"Mo ti gbọ́. Wọlé, mọ́tò fẹ́ lọ."

Mọ́tò gba Mọ́níyà, ó gba Òjóò. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló jókòó sí, obìnrin kan tó ń gbé tòmátò láti Ṣáṣá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà fẹ́ bá a tàkúrọ̀sọ, ó ń ròyìn bí ọjà ṣe rí, bí tòmátò ṣe ń rà. Mùjíbátù dá a lóhùn ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Kí wọ́n tó dé Ìwó Road, orí rẹ̀ ti tẹ̀ sí èjìká onítòmátò. Obìnrin náà wò ó, ó rọra yí apá rẹ̀ kí orí náà lè jókòó dáadáa, ó sì jẹ́ kó sùn.